Kò Sí Ẹni Tí Kò Mọ̀: Ẹ̀sùn Lórí Ẹran Tí À Ń Jẹ ní Banigbé

Ẹ̀sùn tí mo fẹ́ kà sí àwọn kan lẹ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀sùn àìmọ̀. Ẹni tí kò mọ̀, kíkọ́ là ń kọ́ ọ, a kì í pè é lẹ́jọ́. Àwọn tí mo ń pè yìí mọ̀. Alágbàtà ẹlẹ́dẹ̀ mọ̀, alápatà mọ̀, aṣọ́bodè mọ̀, ìjọba Kútọnu mọ̀, ti Àbújá mọ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ohun tí wọ́n ń fi ìmọ̀ náà ṣe ni mo bá wá. Láti Banigbé dé Ìgòlò, láti Ìgòlò kọjá sí Ìdí-Ìrókò, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àìsàn ẹran dá iye lé ọjà. Kò tíì dé ibi tí wọn yóò fi gba ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí mò ń sọ, Banigbé wà ní kọ́múùnù Ifangni, ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn Bẹ̀nẹ̀. (Nàìjíríà náà ní Plateau tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni Vom wà, níbi tí ilé ìwádìí àìsàn ẹranko ti ń ṣiṣẹ́ láti 1924. Ibodè ni Plateau tiwa ní.) Nàgó àti Gùn la jọ ń gbé, ọ̀pẹ ló yí wa ká, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wọ Nàìjíríà sì pọ̀ ju èyí tí ìjọba kọ sínú ìwé lọ. Èèyàn á jí láàárọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, á lọ bá wọn ṣe ìsìnkú ní ilẹ̀ Nàìjíríà, á sì padà wá sùn sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewúrẹ́ ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ ń kọjá, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá ń ṣe wọ́n.

Nínú àwọn àrùn àkóràn tó ń bá ọmọ aráyé jà, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ara ẹranko wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe ìṣirò kan jáde ní 2015: oúnjẹ tí kò dára ń dá èèyàn mílíọ̀nù 91 dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún ní Áfíríkà, ó sì ń pa 137,000. Bí a bá fi wé iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀, kò sí apá ibòmíràn láyé tí ẹrù náà ti wúwo tó bẹ́ẹ̀. Kí a wá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní wà lọ́rùn alágbàtà ẹlẹ́dẹ̀. Mo fi í ṣáájú nítorí pé òun ni ẹ̀rí rẹ̀ hàn jù. Ẹ lọ dúró ti ẹni tó ń ti abúlé bọ́ sí abúlé ra ẹlẹ́dẹ̀. Kò ní kọ́kọ́ béèrè iye. Yóò ní kí àwọn ọmọkùnrin gbé ẹran náà ṣubú, kí ẹnìkan fi orúnkún tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹlòmíràn di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú. Yóò ki igi bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí ó má baà gé e jẹ, yóò fi àkísà mú ahọ́n rẹ̀ nítorí pé ó ń yọ̀, yóò sì fà á jáde títí ariwo ẹran náà yóò fi gba gbogbo agbo ilé. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ ahọ́n láti ìdí dé ṣóńṣó, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní wo ibì kan, ìka rẹ̀ ló ń wò. Kókó kéékèèké funfun ló ń wá, èyí tó tó ẹyọ ìrẹsì, tí omi wà nínú rẹ̀. Ọmọ aràn ni. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ ọ, àmọ́ ohun tí dókítà ẹranko ń wá níbẹ̀ náà ni òun náà ń wá.

Tó bá rí i ńkọ́? Yóò fi han olówó ẹlẹ́dẹ̀, yóò mi orí, yóò ní ẹran yìí ti bàjẹ́, yóò sì já owó rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí owó bá ti já dé ibi tó fẹ́, yóò rà á. Ẹ̀sùn mi nìyẹn. Kò fi ẹran náà sílẹ̀, kò sì sọ fún olówó rẹ̀ pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ máa jẹ ìgbẹ́ èèyàn kiri mọ́. Ó rà á ní ọ̀pọ̀, ó gbé e lọ sí ọjà ibi tí wọn yóò ti gé orí sọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ahọ́n mọ́, ó sì tà á ní iye tí wọ́n ń ta ẹran tó dá.

Ẹni tó bá jẹ ẹran yẹn láìjinná dáadáa yóò ní aràn gbọọrọ nínú ìfun. Ìyẹn ṣì kéré. Ẹyin aràn náà yóò máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Tí ó bá ti ọwọ́ tí wọn kò fọ̀, tàbí omi, tàbí ewébẹ̀ wọ ẹnu ẹlòmíràn, ọmọ aràn lè rìn wọ inú ọpọlọ onítọ̀hún, kí ó jókòó síbẹ̀, gìrì á sì bẹ̀rẹ̀. WHO sọ pé ní àwọn ilẹ̀ tí aràn yìí ti wọ́pọ̀, òun ló wà nídìí nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wárápá. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ẹni tó gbé ẹyin mì kò nílò kí ó jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rárá. Alhaji tí kò fẹnu kàn án rí lè kó o lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe sí oníwárápá láàárín wa. A kì í bá a jẹun nínú àwo kan, a ní itọ́ rẹ̀ ń ràn, a kì í fẹ́ ọmọ nínú ìdílé wọn, a ó gbé e láti ilé aláwo dé ilé wòlíì. Gbogbo ìyà yẹn, tí ó sì jẹ́ pé ọkùnrin kan ti fi àtàǹpàkò kan ohun tó fà á, tó fi gba ẹ̀dínwó.

Ẹ̀sùn kejì jẹ mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lọ́wọ́ alágbàtà nìkan. Ní 1997 ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn tó ti jà ní Côte d'Ivoire lọ́dún tó ṣáájú. Àrùn yìí kì í ran èèyàn, kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá wọ ọgbà kan, ó lè pa á run. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sì sí àjẹsára nígbà náà. Kí ni àwọn tó ní ẹlẹ́dẹ̀ ṣe? Ohun tí ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ ń kú lójú rẹ̀ yóò ṣe: èyí tó bá ti kọ oúnjẹ láàárọ̀, wọ́n á dú u kí ó tó dọ̀sán, wọ́n á tà á. Kòkòrò rẹ̀ sì ń pẹ́ nínú ẹran, pàápàá èyí tí wọ́n fi iyọ̀ sí tàbí tí wọ́n gbé sínú yìnyín. Ọdún yẹn kò tíì parí tí àrùn náà ti dé àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà tó bá wa pààlà, Ògùn àti Èkó. Kò tíì kúrò níbẹ̀ dòní. Ní 2020 ó tún jà ní Òkè-Aró, níbi tí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ wọn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń pè é ní èyí tó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibodè Ìdí-Ìrókò sì wà ní títì nígbà náà. Nàìjíríà ti tì í ní August 2019, wọn kò ṣí i títí di April 2022. Àwọn aṣọ́bodè ń ká ìrẹsì mọ́ àwọn obìnrin lábẹ́ aṣọ, nígbà tí àrùn tó ti kọjá ní ọdún mẹ́tàlélógún ṣáájú ń jẹun nínú ilé wọn.

N kò lè dá alágbàtà tàbí àgbẹ̀ lẹ́bi tán lórí ìyẹn. Bí ìjọba bá ní kí o sun ẹlẹ́dẹ̀ rẹ mẹ́wàá láìfún ọ ní kọ́bọ̀, èwo nínú wa ni yóò sun ún? Nítorí náà, apá kan ẹ̀sùn yìí di ti ìjọba, ibẹ̀ ni mo sì ń lọ.

Ẹ̀sùn kẹta, adìẹ. Adìẹ inú yìnyín ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ, èyí tí ọkọ̀ òkun ń kó wá sí Kútọnu láti Yúróòpù àti Bràsíìlì. Láti 2003 ni Nàìjíríà ti ní òun kò fẹ́ ẹ. Òun gan-an ló wà lókè pátápátá nínú ìwé àwọn ọjà tí kò gbọdọ̀ wọlé. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún lẹ́yìn náà, Bẹ̀nẹ̀ kékeré yìí wà lára àwọn tó ń ra adìẹ jù lọ lọ́wọ́ Yúróòpù ní gbogbo Áfíríkà. Ta ló ń jẹ ẹ́? Ẹni tó bá ti dúró sí ọ̀nà Ifangni lóru mọ ìdáhùn rẹ̀. Páálí á wà lẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n á fi ọ̀rá dúdú wé e, wọ́n á gba inú oko ọ̀pẹ kọjá. Nígbà tí ọ̀kadà náà bá ń bọ̀, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi yìnyín a máa kán sílẹ̀ látinú páálí náà lójú ọ̀nà. Tó bá dé òdìkejì, tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, wọ́n á tún kó o sínú fírísà, á tún dì, wọ́n á tún kó o jáde sínú oòrùn ọjà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yọ́ ni kòkòrò Salmonella tó bá wà nínú rẹ̀ ń rí ààyè bí sí i. Mo ti gbọ́ ariwo títí pé wọ́n ń fi fọ́málínì, oògùn tí wọ́n ń fi tọ́jú òkú, sí adìẹ náà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà fúnra wọn kì í yé sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi fọ́málínì sílẹ̀. Adìẹ yẹn kò nílò rẹ̀ kí ó tó ṣe èèyàn ní jàǹbá, oòrùn ti tó.

Ẹ̀bi tí mo fi kan ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ni pé ó gba owó orí ọjà yìí ní èbúté, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni yóò jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà kò kàn án bí yóò ṣe rí nígbà tó bá dé Ìgòlò. Ẹ̀bi tí mo fi kan ti Nàìjíríà ni pé ó ṣe òfin lórí ọjà, ó sì fi àyẹ̀wò oúnjẹ sílẹ̀. Nígbà tí aṣọ́bodè bá mú adìẹ, iye páálí ló ń kà fún àwọn oníròyìn, pẹ̀lú iye owó rẹ̀ ní náírà. Èyí tí kò bá mú, tó wà lójú àwo ìyá olóúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Adìẹ tó wà láàyè náà ní tirẹ̀. Ní February 2006 ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ní yàrá ìwádìí kan ní Padova ní ilẹ̀ Ítálì, pé lúkúlúkú tó ń pa adìẹ ní oko kan ní Jaji, nítòsí Kàdúná, H5N1 ni, àrùn gágá ẹyẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Áfíríkà nìyẹn, àwọn adìẹ sì ti ń kú láti January. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kú ní Èkó, WHO sì kéde ní February 2007 pé àrùn yìí ló pa á. Kí 2007 tó parí ó ti dé Adjarra, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé Adjarra jìnnà sí wa. Ní August 2021 Bẹ̀nẹ̀ tún kéde rẹ̀. Nàìjíríà ti gbìyànjú láti san owó gbà-má-bínú ní 2006: náírà 250 lórí adìẹ kan, nígbà tí adìẹ tó ń yé ẹyin ń tà ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jà. Ẹ wo ìṣirò náà lójú ẹni tó ní adìẹ. Tó bá pe ìjọba, náírà 250, tí kò sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò san án. Tó bá ké sí alájàpá lóru, owó tó pọ̀ jù ú lọ, lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìjọba tó fi iye bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ ló ti ran àrùn náà lọ sí ọjà.

Mo dé orí màlúù, ẹ̀sùn kẹrin. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹran wò rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Dókítà ẹranko yóò kọ́kọ́ wo màlúù náà láàyè, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń mí. Tí wọ́n bá dú u tán, yóò fọwọ́ tẹ fùkù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ la àwọn kókó tó wà ní ọ̀fun àti láàárín àyà, yóò la ẹ̀dọ̀. Tí ó bá rí kókó tó le, tí nǹkan funfun tó ki wà nínú rẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù nìyẹn. Yóò ní kí wọ́n kó o dànù, tí ó bá sì ti kárí ara, kí wọ́n sun gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Alápatà yóò ní, “Ṣé ìwọ lo máa san owó màlúù mi?” Ìbéèrè gidi ni, kò sì sí ẹni tó ń dáhùn rẹ̀, nítorí pé kò sí àpò owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ní ọjà kékeré tí wolé-wolé kì í dé, ìjà kò tilẹ̀ sí. Alápatà fúnra rẹ̀ mọ kókó náà lójú. Yóò gé e kúrò, yóò sọ ọ́ sí ajá, yóò fi omi ṣan ìyókù, yóò tò ó sórí tábìlì. Fùkù ni èyí tó rọjú jù nínú ẹran, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé ẹni tí kò lówó ló ń lọ.

Ní 2006 Simeon Cadmus ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n gbà lára èèyàn àti màlúù. Nǹkan bí mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn ọ̀hún ní Ìbàdàn, kì í ṣe kòkòrò tó wọ́pọ̀ ló ń ṣe wọ́n, oríṣi méjì mìíràn ni, ti màlúù sì jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún oníkọ́ ẹ̀gbẹ kì í ran ti màlúù, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò itọ́ tí wọ́n ń fi awò wò ní ilé ìwòsàn kékeré kò lè ya oríṣi kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Ohun tí Ìbàdàn mọ̀ láti 2006 nìyẹn. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ wá fẹ́ kó àwọn alápatà kúrò ní Bódìjà lọ sí odò ẹran tuntun ní Akínyẹlé, ọlọ́pàá ni wọ́n rán lọ ní 2018, ẹ̀mí sì ṣòfò. Kò sí ẹni tó jókòó ti alápatà láti fi kókó inú fùkù hàn án kí ó sọ ohun tó ń ṣe. Ìbọn ló ṣáájú àlàyé.

Pọ̀nmọ́ wà lábẹ́ ẹ̀sùn yìí náà. Ní June 2023, áńtíráàsì, àrùn ẹran ọ̀sìn tó ń ran èèyàn, jà ní àríwá Gánà, ìjọba Nàìjíríà sì jáde wí pé kí aráàlú yé jẹ pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́ fúngbà díẹ̀. Kí July tó parí, wọ́n ti rí i ní oko kan ní Sùlèjà. Èso àrùn yìí a máa wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dán an wò ní erékùṣù Gruinard, ní Scotland, ní 1942, wọn kò sì sọ pé èèyàn lè tún tẹ ibẹ̀ títí di 1990. Ìkìlọ̀ náà dára, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: ìwé kan láti Àbújá, àwàdà fún oṣù kan lórí fóònù, ó tán. Màlúù tó kú fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Òkúǹbete ni àwọn Mùsùlùmí ń pè é, èèwọ̀ ni fún wọn, ó sì wà nínú òfin Mósè náà. Ọjà wa ti rí ọ̀nà gbà á kọjá. Ewúrẹ́ tó kú mọ́jú, wọ́n á fi ọ̀bẹ kàn án lọ́rùn kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á wi í lórí iná kí awọ ara rẹ̀ lè ràn, ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò jáde nìkan ló kù tí yóò jẹ́rìí, ata rodo yóò sì pa ìyẹn mọ́.

Kí n dúró díẹ̀ dá ẹnìkan sílẹ̀. Obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà láàárín wa ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń nàka sí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àìsàn màlúù. Lóòótọ́, wàrà tútù tí wọn kò sè lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ wá, ó sì lè gbé ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ wá, èyí tí a ó fi oògùn ibà ẹ̀fọn tọ́jú fún oṣù mẹ́ta láìrí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n wàràkàsì tó gbé karí kì í ṣe wàrà tútù. Ó ti gbé e kaná, ó ti fún omi ewé bọmubọmu sí i kí ó lè dì, ó ti sè é títí ó fi le, ó tún fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa. Nínú gbogbo àwọn tó ń ta ohun tó ti ara ẹran wá ní ọjà Banigbé, òun ló súnmọ́ ohun tí dókítà ẹranko fẹ́ jù lọ. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀sùn karùn-ún, oògùn. Ẹni tó bá ní adìẹ igba kò nílò dókítà mọ́. Yóò lọ sí ìsọ̀ kan, yóò ra oògùn apakòkòrò, yóò dà á sínú korobá omi, ó tán. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá oògùn náà pé iye ọjọ́ báyìí gbọ́dọ̀ kọjá kí èèyàn tó jẹ ẹyin tàbí ẹran adìẹ tó mu ún. Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Ẹyin tí wọ́n yé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn wà nínú búrẹ́dì ẹnìkan ní ọjọ́ kejì. Nígbà tó bá yá, egbò ọmọ kékeré kò ní gbọ́ oògùn mọ́, a ó ní wọ́n ti ta ayédèrú oògùn fún wa. Ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2022 ṣírò rẹ̀ pé èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ló kú ní 2019 látàrí kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́, ibi tó sì ti burú jù láyé ni apá tiwa yìí, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó ta oògùn náà láìbéèrè ohunkóhun mọ̀. Kì í jẹ ẹyin àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹfà kúrú: dìgbòlugi. Èèyàn 59,000 ló ń pa lọ́dún láyé, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn nínú mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àjẹsára rẹ̀ ti wà láti ìgbà Pasteur, ní 1885. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ajá bá bu èèyàn jẹ, a ó pa ajá náà, àwọn kan á sè é, ẹ̀rí ti bọ́ sínú ìkòkò. Ọmọ tó bu jẹ, a ó fi àgbo sí ojú egbò rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ ká kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, ká tó gbé e sáré lọ gba abẹ́rẹ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀sùn yìí. N kò ní dárúkọ.

Nínú gbogbo àwọn tí mo pè, àwọn oníwàdìí ni ẹrù wọn fúyẹ́ jù, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi owó àpò ara wọn ra epo ọkọ̀ lọ sí oko. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀sùn tiwọn. Láti 1968 ni ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ìṣègùn ẹranko ti wà ní Dakar tó ń kọ́ àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Ìbàdàn wà, Abẹ́òkúta wà, Abomey-Calavi wà. Wọ́n ń wá sí abúlé. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lára màlúù, lára ẹlẹ́dẹ̀, nígbà mìíràn lára àwa náà, wọ́n á bi wá ní ìbéèrè, wọ́n á dúpẹ́, ọkọ̀ wọn á sì gbéra. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ìwé kan á jáde ní Amẹ́ríkà tàbí ní Faransé, onítọ̀hún á gba ìgbéga. Ẹni tó ni màlúù náà kò ní gbọ́ ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ láéláé. Mo bi wọ́n: èwo nínú ìwé yín ló wà ní Nàgó? Èwo ló wà ní Gùn? Rédíò tó ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láti àárọ̀ dálẹ́ kò ní kọ̀ yín bí ẹ bá ní kó fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Alágbàtà tó ń fi àtàǹpàkò ka abẹ́ ahọ́n ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹ̀yin ìbá kọ́kọ́ wá kàn. Ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yín tán láìgba owó oṣù. Ohun tó kù kò ju kí ẹnìkan máa bá a ra àwọn tó ní kókó ní iye tó tọ́, kí wọ́n má baà dé ọjà.

Àwa tí à ń rà náà ńkọ́? A mọ̀. Bí ẹran bá rọjú ju bó ṣe yẹ lọ, a kì í béèrè ìdí. Ẹ̀sùn wa nìyẹn, n kò ní fi kún un.

Mo fi kọ́múùnù sẹ́yìn mọ̀ọ́mọ̀, nítorí òun ló súnmọ́ wa jù, òun nìkan ni a sì lè lọ bá ní ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Òfin 97-029, ti 15 January 1999, tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbé agbára lé àwọn kọ́múùnù Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́, kí òfin mìíràn tó rọ́pò rẹ̀ ní 2021, kò fọ̀rọ̀ bò. Ó ní kíkọ́ ọjà àti ibi ìpẹran, títún wọn ṣe àti bíbójú tó wọn, ti kọ́múùnù ni. Apá ti ọjà yé wọn dáadáa. Ẹni tó ń gba owó ìta a máa yọ kí oòrùn tó yọ, a máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá tó ní ata ṣíbí mẹ́ta, kì í gbàgbé ẹnikẹ́ni. Apá ti ibi ìpẹran ni mo fẹ́ kí wọ́n wá ṣàlàyé. Mélòó nínú owó ìta Banigbé, Ifangni, Daagbé, Lagbé, Tchaada àti Ko-Koumolou ló ti di símẹ́ǹtì tí wọ́n ń pa ẹran lé, tàbí omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣan án, tàbí owó ọkọ̀ dókítà ẹranko tí yóò dé ibẹ̀ ní ọjọ́ ọjà kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn ẹran? Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri mẹ́rì, ní Faransé àti ní Nàgó àti ní Gùn, ọdún lẹ́yìn ọdún, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò náà sí abẹ́ rẹ̀. Tí òǹkà náà bá jẹ́ òdo, kí wọ́n kọ òdo.